Ìsun Ẹ̀jẹ̀ Lẹ́yìn Ìbímọ: Ohun Tí Ojú Kò Lè Wọ̀n

Ìdajì lítà omi ló wà nínú ọ̀rá píọ́ wọ́tà kan. Bí ẹ̀jẹ̀ tó jáde lára obìnrin láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún tó bímọ bá ti tó ohun tó wà nínú ọ̀rá yẹn, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ìbímọ lásán mọ́, ìsun ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ ni. Bó bá tó ọ̀rá méjì, ọ̀ràn ti le nìyẹn. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó ń bẹ lára aboyún tí oṣù rẹ̀ pé kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju ọ̀rá méjìlá lọ. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ gan-an, tí ẹnikẹ́ni kò sì ràn lọ́wọ́, lè kú láàárín wákàtí méjì.

Ìṣirò Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn àjọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé nǹkan bí 75,000 obìnrin ni oyún tàbí ìbímọ pa ní Nàìjíríà lọ́dún 2023. Nínú obìnrin mẹ́rin tó kú irú ikú yìí lágbàáyé lọ́dún náà, ó lé ní ẹyọ kan tó jẹ́ tiwa. Ẹ̀jẹ̀ ló sì wà níwájú nínú ohun tó ń pa wọ́n. Ohun tó ń dun ni níbẹ̀ ni pé kì í ṣe àìsàn tí a kò mọ oògùn rẹ̀. Oògùn wà, owó rẹ̀ kò sì ga ju ara lọ. Àkókò ni kì í sí.

Ẹni tó bá ń gbé ní Ìkòyí-Ilé, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Oríire ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tàbí láwọn abúlé oko tó yí i ká, mọ ohun tí mò ń sọ. Ògbómọ̀ṣọ́ ni ilé ìwòsàn ńlá wà. Ibẹ̀ ni ilé ìwòsàn àwọn Onítẹ̀bọmi tí iṣẹ́ dókítà George Green bẹ̀rẹ̀ ní 1907 wà, èyí tó di Bowen University Teaching Hospital ní 2009. Ti yunifásítì LAUTECH náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìyá ìkókó bá ń ṣẹ̀jẹ̀ ní aago méjì òru lábúlé, a ó kọ́kọ́ wá ọlọ́kadà tàbí onímọ́tò, a ó jí i, a ó bá a dúnàádúrà, kí a tó wá kọjú sí ọ̀nà. Ẹ̀jẹ̀ kò ní dúró dè wá. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ohun tí a bá ṣe lórí ẹní níbi tí obìnrin bímọ sí, kí ọkọ̀ tó dé rárá, ló sábà máa ń pinnu bóyá yóò rí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ.

Iṣẹ́ tí ara ń ṣe fúnra rẹ̀

Ní gbogbo oṣù tí ọmọ fi wà nínú, ibi ọmọ, tí àwọn àgbà tún ń pè ní èkejì ọmọ, lẹ̀ mọ́ ògiri ilé-ọmọ típẹ́típẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ìyá ń ṣàn lọ síbẹ̀ láìdúró, torí ibẹ̀ ni ọmọ ti ń rí oúnjẹ àti atẹ́gùn gbà. Nígbà tí oṣù bá pé, ẹ̀jẹ̀ tó ń gba ilé-ọmọ kọjá ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo tó ìdajì lítà, ó sì lè lé. Wàyí o, ọmọ jáde, ibi já kúrò lára ògiri, ẹnu àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà níbẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Kí ló dé tí ẹ̀jẹ̀ kì í fi í pa gbogbo abiyamọ? Ẹran ilé-ọmọ ni kì í jẹ́. Àwọn fọ́nrán ẹran yìí kò tò sí ọ̀nà kan. Wọ́n gba ara wọn kọjá lóròó, níbùú àti ní ìdábùú, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ sì gba àárín wọn. Bí ọmọ àti ibi bá ti jáde, ilé-ọmọ á fún pọ̀, á le, àwọn fọ́nrán náà á sì fún ẹnu iṣan pa, bí ìgbà tí a bá fa okùn ṣòkòtò tí ẹnu rẹ̀ kó jọ. Bí obìnrin bá ń sọ pé inú ń run òun nígbà tí ìkókó ń mu ọmú lọ́jọ́ àkọ́kọ́, iṣẹ́ yìí ni ara rẹ̀ ń ṣe. Ọmú tí ọmọ ń fà ló ń mú kí ọpọlọ ìyá tú ohun tó ń mú ilé-ọmọ fún pọ̀ jáde. Nítorí náà, kí a tètè gbé ọmọ sí ọmú kì í ṣe nítorí ebi ọmọ nìkan.

Bí ilé-ọmọ bá wá kọ̀ tí kò fún pọ̀, tó rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀ lábẹ́ ọwọ́, okùn kò fà nìyẹn. Nínú obìnrin mẹ́wàá tó ní ìsun ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, bíi méje ló jẹ́ pé èyí ló fà á. Nígbà mìíràn, ibi ọmọ ni kò jáde tán. Èérún rẹ̀ tó kù sínú kò jẹ́ kí ilé-ọmọ ráyè fún pọ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ojú ara tàbí ẹnu ilé-ọmọ ló ya, tàbí kí ilé-ọmọ fúnra rẹ̀ bẹ́. Àwọn díẹ̀ sì wà tí ẹ̀jẹ̀ ara wọn kì í dì bó ṣe yẹ. Àpò ìtọ̀ tó kún pẹ̀lú máa ń dí ilé-ọmọ lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ni kò mọ èyí, bẹ́ẹ̀ kí obìnrin tọ̀ lásán lè yanjú apá kan nínú ọ̀ràn náà.

Èyí tó ti bí márùn-ún ńkọ́?

Ẹ óò gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé, "Ìyẹn? Ìyẹn ti mọ ọ̀nà, ọmọ karùn-ún rẹ̀ nìyí." Àkọ́bí ni wọ́n ń bẹ̀rù. Òótọ́ ni pé ọmọ ẹni tó ti bí púpọ̀ lè tètè jáde, ṣùgbọ́n ilé-ọmọ tó ti gbé oyún lọ́pọ̀ ìgbà lè má lágbára láti fún pọ̀ dáadáa mọ́. Mumtaz Mahal, ìyàwó ọba Íńdíà tí wọ́n kọ́ Taj Mahal sí orí sàréè rẹ̀, ọmọ kẹrìnlá ló bí tán tó fi kú ní 1631, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n sì sọ pé ó pa á. Owó kò wọ́n aya ọba, oníṣègùn kò sì jìnnà sí ààfin.

Àwọn ìyá ìbejì náà wà nínú ewu yìí, torí pé ilé-ọmọ tí ọmọ méjì nà gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kì í tètè padà sípò. Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju àwọn ẹlòmíràn lọ, àwa tí ìbejì pọ̀ láàárín wa tó bẹ́ẹ̀ tí òkìkí Ìgbò-Ọrà, tó wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kan náà, fi kan gbogbo ayé. Ẹni tó rọbí pẹ́, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó látinú oyún, ẹni tó ti ní irú rẹ̀ rí, gbogbo wọn ló yẹ ká ṣọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí wọ́n gún ní abẹ́rẹ́ "kí ọmọ yá" níbi tí kò sí ẹni tó mọ ìwọ̀n rẹ̀. Oògùn kan náà tó ń gbẹ̀mí là lẹ́yìn ìbímọ lè bẹ́ ilé-ọmọ bí wọ́n bá ń gún un kiri nígbà ìrọbí.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń da ìṣirò rú: ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára wọn ni kò ní ìkankan nínú àwọn àmì wọ̀nyí. Ara wọn le, oyún wọn kò yọ wọ́n lẹ́nu, wọ́n bímọ wẹ́rẹ́. A kò lè ṣa àwọn tó wà nínú ewu sọ́tọ̀ ká máa ṣọ́ àwọn nìkan.

Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ní ó ń fọ inú mọ́

Èrò kan wà tó ti pa ènìyàn ju bí a ṣe rò lọ, pé ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde lẹ́yìn ìbímọ, ẹ̀jẹ̀ ìdọ̀tí ni, ẹ jẹ́ kó dà dáadáa kí inú lè mọ́. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ìyẹn ló sì jẹ́ kó ṣòro láti tú u kúrò lọ́kàn àwọn èèyàn. Ẹ̀jẹ̀ máa ń jáde fún bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìbímọ, pupa ní ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́, tí àwọ̀ rẹ̀ á máa ṣá, tí yóò sì máa dín kù. Ìyẹn kò léwu. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tó rẹ páàdì tàbí aṣọ ní ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, tó ń ṣàn tí kò dá, tàbí tó ń jáde ní kùlùkùlù, kò fọ nǹkan kan. Ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé ẹ̀mí obìnrin náà ló ń lọ.

Èyí tó ń tàn wá jù ni ẹ̀jẹ̀ tí kò dà wìì. Ó ń kán, ó ń kán, aṣọ ń mu ún, ilẹ̀ ń mu ún. Ìyá ọmọ ń sọ̀rọ̀, ó ń dáhùn ìkíni, àwọn ará ilé ti ń pín mílíìkì. Oyún máa ń jẹ́ kí ara obìnrin kó ẹ̀jẹ̀ pa mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí náà ó lè pàdánù púpọ̀ kí ojú rẹ̀ tó fi hàn. Nígbà tó bá máa ní òòyì ń kọ́ òun, tí ọwọ́ rẹ̀ bá tutù tó ń làágùn, tí ọkàn rẹ̀ ń lù ju ọgọ́rùn-ún lọ ní ìṣẹ́jú kan, ọ̀rá méjì ti lè lọ.

Omi gbígbóná ńkọ́? Jíjó omi gbígbóná sí ikùn ìyá ìkókó ti pẹ́ nílẹ̀ wa, n kò sì wá bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀ níbi tí gbogbo nǹkan bá ti lọ déédéé. Ṣùgbọ́n ooru máa ń la ojú iṣan ẹ̀jẹ̀ sí i ni. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, kí ìkòkò omi kúrò níbẹ̀. Bákan náà ni kíki orógùn tàbí ìka bọ ọ̀fun obìnrin kó lè bì kí ibi ọmọ fi jáde, àti fífa okùn ìwọ́ ní ipá. Èyí èkejì lè fa ilé-ọmọ fúnra rẹ̀ yọ síta.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ayé àti àṣírí. Ibi tí wọ́n ti ń bi obìnrin léèrè ọkùnrin tó bá sùn, tàbí tí wọ́n ti ń wá ẹni tó ń di ọ̀nà mọ́ ọn, ìṣẹ́jú ń lọ. Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà, kó gbà á nínú ọkọ̀. Kí ó sì má di pé "ọkọ rẹ̀ ò tíì ti oko dé" ni kò jẹ́ kí wọ́n gbé e. Ìgbà tí oyún bá pé oṣù méje ló yẹ kí ọkọ ti sọ fún gbogbo ilé pé, bí mo bá wà nílé, bí n kò sí, ẹ gbé e lọ.

Ọ̀rá onílà

Ìwádìí tí mo rò pé ó yẹ kí gbogbo ìyá àti baba ní Oríire mọ̀ ni èyí tí wọ́n ń pè ní E-MOTIVE. Yunifásítì Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló darí rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Hadiza Galadanci ti Yunifásítì Bayero ní Kánò sì ṣáájú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ọgọ́rin ilé ìwòsàn ló wọ̀ ọ́ ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tànsáníà àti Gúúsù Áfíríkà, obìnrin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn sì lé ní 210,000. Ọdún 2023 ni èsì rẹ̀ jáde.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe kò ní oògùn nínú rárá. Wọ́n mú ọ̀rá ńlá kan, wọ́n tẹ́ ẹ sí abẹ́ ìdí obìnrin gbàrà tí ọmọ jáde. Ẹnu ọ̀rá náà fẹ̀ lókè, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ṣe ṣóńṣó bí ẹnu àrọ, ó rọ̀ sísàlẹ̀ láti etí bẹ́ẹ̀dì, tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ṣàn sínú rẹ̀. Wọ́n fa ìlà sí ara rẹ̀, ìlà kan ní 300 mìlílítà, òmíràn ní 500. Nọ́ọ̀sì kò ní máa fojú díwọ̀n mọ́, ìlà ni yóò wò. Ní àwọn ilé ìwòsàn tí wọ́n ṣì ń fojú wo ẹ̀jẹ̀ lórí aṣọ, ìdajì péré nínú àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára wọn ni wọ́n tètè rí. Níbi tí wọ́n ti lo ọ̀rá onílà, mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún ni wọ́n rí nínú ọgọ́rùn-ún. Kì í ṣe pé àwọn nọ́ọ̀sì ti ìṣáájú kò mọ iṣẹ́. Ojú ènìyàn ni kò mọ ẹ̀jẹ̀ wọ̀n, ó sì sábà máa ń bù ú kù.

Ní oṣù kẹwàá 2025, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà tuntun jáde tó tẹ̀lé ọ̀nà yìí: kí wọ́n má dúró de 500 mọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dé 300 mìlílítà, tí ọkàn sì ń sáré tàbí tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ń lọ sílẹ̀, kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọọ́dúnrún mìlílítà kò kún ìgò ẹlẹ́rìndòdò kékeré.

Lẹ́ẹ̀kan náà, kì í ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan

Bí ìlà bá ti hàn, kí ló kàn? Látijọ́, nọ́ọ̀sì á gún abẹ́rẹ́ kan, á dúró wò ó. Bí kò bá ṣiṣẹ́, á gbé omìíràn. Á tún dúró. Àárín àwọn ìdúró wọ̀nyẹn ni ọ̀pọ̀ obìnrin ń kú sí. Ohun tí E-MOTIVE sọ ni pé kí wọ́n da gbogbo rẹ̀ bò ó lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó parí láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ẹnì kan á gbé ọwọ́ lé ikùn, ní ìsàlẹ̀ ìdodo, á máa pa ilé-ọmọ yípo títí yóò fi le lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Èyí yàtọ̀ sí títẹ ikùn ní ìtẹ̀kútẹ̀ tí àwọn kan ń ṣe. Ẹlòmíràn á gún oxytocin, oògùn tó ń mú ilé-ọmọ fún pọ̀. Wọ́n á fi tranexamic acid sí i, gíráàmù kan, tí wọ́n á rọra tì sínú iṣan fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wọ́n á fa omi sí i lára. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò: ṣé ó ya ni, ṣé ibi ọmọ pé, ṣé àpò ìtọ̀ kò kún? Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dá, wọ́n á ké sí ẹni tó jù wọ́n lọ, tàbí kí wọ́n gbé e lọ síwájú láìfi àkókò ṣòfò.

Kò sí ohun tuntun kan nínú rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Síbẹ̀, níbi tí wọ́n ti so ó pọ̀, àwọn tí ẹ̀jẹ̀ lítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dà lára wọn, tàbí tí wọ́n ní láti là níkùn nítorí rẹ̀, tàbí tó pa, jẹ́ 1.6 nínú ọgọ́rùn-ún. Níbi tí wọn kò ti lò ó, 4.3 ni.

Nípa àwọn oògùn náà

Ìyá kan ló wà nídìí tranexamic acid. Utako Okamoto ni orúkọ rẹ̀, ará Japan, òun àti ọkọ rẹ̀ Shosuke ló ṣe é jáde ní 1962. Nígbà tí kò rí ẹni bá a tọ́jú ọmọ, ńṣe ló ń pọn ọmọbìnrin rẹ̀ sẹ́yìn wá sí ibi iṣẹ́ ìwádìí. Èrò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé oògùn yìí yóò gba àwọn abiyamọ, ṣùgbọ́n kò rí àwọn dókítà tí yóò bá a dán an wò. Ó tó 2017 kí èsì ìwádìí ńlá tó dé, èyí tí wọ́n ṣe fún nǹkan bí 20,000 obìnrin ní orílẹ̀-èdè mọ́kànlélógún, Nàìjíríà pẹ̀lú wọn. Utako ti kú ní ọdún tó ṣáájú, ẹni ọdún 98. Bí ara bá ti mú kí ẹ̀jẹ̀ dì, oògùn yìí kì í jẹ́ kí èyí tó dì náà tètè yọ́. Bí wọ́n bá fún obìnrin láàárín wákàtí mẹ́ta tó bímọ, ó ń dín ikú látọwọ́ ẹ̀jẹ̀ kù ní bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, àǹfààní yẹn ti lọ.

Oxytocin ní tirẹ̀, inú fìríìjì ni ilé rẹ̀, láàárín ìwọ̀n òtútù 2°C sí 8°C. Ẹni tó bá mọ bí iná mànàmáná ṣe rí láwọn ìlú kéékèèké wa mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ooru ń pa agbára rẹ̀, ìgò rẹ̀ kò sì ní yí àwọ̀ padà kó lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Nọ́ọ̀sì á gún un, á máa retí, ilé-ọmọ kò ní dáhùn, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ojú lásán. Ó lè jẹ́ pé fìríìjì ni kò níná láti ìjẹta. Irú rẹ̀ mìíràn wà tí ooru kì í tètè bàjẹ́, carbetocin, tí wọ́n dán wò fún nǹkan bí 30,000 obìnrin ní orílẹ̀-èdè mẹ́wàá, tí èsì rẹ̀ sì jáde ní 2018. Bó bá dé àwọn ilé ìwòsàn abúlé wa tán, yóò gbà wá lọ́wọ́ jẹnẹrétọ̀.

Èyí tó yẹ ká fi yangàn ni misoprostol. Oògùn oníhóró ni, kò nílò abẹ́rẹ́, kò nílò fìríìjì. Ní 2006, Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ lágbàáyé tó fọwọ́ sí lílò rẹ̀ fún ìsun ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ. Lẹ́yìn náà, àwọn ará Yunifásítì Ahmadu Bello gbé e lọ sí àwọn abúlé tó yí Sáríà ká, wọ́n fi lé àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ àti àwọn tí ará àdúgbò fọkàn tán lọ́wọ́, kí obìnrin tó bá bímọ sílé lè rí i lò gbàrà tí ọmọ bá jáde. Hóró mẹ́ta oníwọ̀n 200 máíkírógíráàmù ni fún ìdènà. Hóró mẹ́rin lábẹ́ ahọ́n ni fún ìtọ́jú níbi tí abẹ́rẹ́ kò bá sí. Kí wọ́n kọ́kọ́ rí i dájú pé kò sí ọmọ mìíràn nínú, torí bí èkejì ìbejì bá ṣì wà níbẹ̀, ewu ńlá ni. Ó máa ń mú kí ara gbóná kí obìnrin sì máa gbọ̀n fún ìgbà díẹ̀. Ibà kọ́, kò sì yẹ kó dẹ́rù bani.

Níbí ni mo ti yàtọ̀ sí àwọn tó ń ní kí ìyá àbíyè, agbẹ̀bí ìbílẹ̀ wa, má fọwọ́ kan aboyún mọ́. Bí kò bá sí nọ́ọ̀sì nílé ìwòsàn lóru, ta ni kí obìnrin ké sí? Ẹni tí a mọ̀ pé òun ni yóò wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká fún un ní ọ̀rá onílà, ká kọ́ ọ ní bí wọ́n ti ń pa ilé-ọmọ, ká sì jẹ́ kó mọ ìgbà tí yóò ní kí wọ́n gbé ọkọ̀.

Lójú ọ̀nà

Aṣọ kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó jìnnà sí Ògbómọ̀ṣọ́ ní. Ó nípọn, ó ń fà bíi rọ́bà, ó sì ní ìlẹ̀mọ́ irú èyí tó wà lára bàtà ọmọ ilé-ìwé. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe aṣọ fún awakọ̀ òfúrufú Amẹ́ríkà ni ọgbọ́n rẹ̀ ti wá. Wọ́n á fi wé obìnrin láti ọrùn ẹsẹ̀ wá sókè dé ikùn, ìṣẹ́jú bíi méjì ni. Á fún ẹsẹ̀ àti ìdí pọ̀, á lé ẹ̀jẹ̀ tó kù padà sí ọkàn àti ọpọlọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oladosu Ojengbede ti ilé ìwòsàn UCH Ìbàdàn wà lára àwọn tó dán an wò ní Nàìjíríà pẹ̀lú Suellen Miller ti Kalifọ́níà, wọ́n sì rí i pé ikú dín kù láàárín àwọn tí wọ́n fi wé. Kì í wo ẹ̀jẹ̀ sàn, àkókò ló ń rà fún wa. Àṣìṣe tí wọ́n ń ṣe ni pé bí wọ́n bá ti dé ilé ìwòsàn ńlá, ẹnì kan á sáré bọ́ ọ. Ẹ má bọ́ ọ títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dá tí ara obìnrin yóò sì fi rọlẹ̀. Ìgbà náà gan-an, díẹ̀díẹ̀ ni, láti ọrùn ẹsẹ̀ lọ sókè.

Ọgbọ́n mìíràn ti Bangladesh wá, látọwọ́ Sayeba Akhter. Ó mú kọ́ńdọ̀mù, ó so ó mọ́ orí rọ́bà tí wọ́n fi ń gba ìtọ̀, ó tì í sínú ilé-ọmọ, ó sì rọ omi iyọ̀ ilé ìwòsàn sínú rẹ̀ títí ó fi wú tó tẹ ojú iṣan ẹ̀jẹ̀ pa láti inú. Ẹ wo bí owó rẹ̀ ti kéré tó. Ẹni tó kọ́ ọ nìkan ló yẹ kó ṣe é.

Nígbà tí wọ́n bá ní iṣẹ́ abẹ ni

Ọ̀pọ̀ gbàgbọ́ pé bí dókítà bá ti mẹ́nu ba iṣẹ́ abẹ, ilé-ọmọ ni wọ́n fẹ́ yọ. Ó ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ẹ̀mí sì ju ilé-ọmọ lọ, ṣùgbọ́n ìkẹyìn ni. Kí wọ́n tó dé ibẹ̀, wọ́n lè fi okùn iṣẹ́ abẹ gba ẹ̀yìn gba iwájú ilé-ọmọ, kí wọ́n fà á pọ̀, kí wọ́n sì so ó. Orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é ní Milton Keynes, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1989 ni wọ́n fi ń pe ìránṣọ náà: Christopher Balogun-Lynch, ọmọ Sàró. Mo máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá ti rántí pé Balógun ló ń bá wa dá ẹ̀jẹ̀ àwọn abiyamọ dúró. Inú àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí, jagunjagun ayé àtijọ́, yóò dùn láti gbọ́.

Ẹ̀jẹ̀ tí a óò fi dípò

Ohun tó jáde gbọ́dọ̀ wọlé padà. Omi tí wọ́n ń fà síni lára ń gbé ìfúnpá ró ni, kò lè ṣe iṣẹ́ ẹ̀jẹ̀. Ilé ìwòsàn kì í sábà ní ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ nílẹ̀, ará ilé ni wọ́n máa ní kó wá fà á. Ibẹ̀ ni àwọn ọkùnrin ti ń pòórá, nítorí wọ́n gbọ́ pé ẹni tó bá fún ènìyàn ní ẹ̀jẹ̀ kò ní lágbára mọ́, tàbí pé wọ́n á fi ẹ̀jẹ̀ òun ṣe nǹkan mìíràn. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń gbà lára ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan kò tó ọ̀rá píọ́ wọ́tà kan, ara á sì ṣe òmíràn dípò rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Kí aboyún mọ irú ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ ní àkọ́kọ́ tó lọ ṣàyẹ̀wò, kí ènìyàn méjì nínú ilé tí ẹ̀jẹ̀ wọn bá tirẹ̀ mu ti gbà láti tẹ̀ lé e. Kí ó sì máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fún un ní kílíníìkì, kó má kàn kó o jọ sórí pẹpẹ, torí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti kéré tẹ́lẹ̀, ọ̀rá kan péré lè dá a dọ̀bálẹ̀.

Lẹ́yìn tí ó bá ti délé

Wákàtí mẹ́rìnlélógún kọ́ ni òpin rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ lè padà bẹ̀rẹ̀ sí í dà nígbàkígbà títí dé ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́fà sí méjìlá, bí èérún ibi ọmọ bá kù sínú tàbí bí àrùn bá wọ ilé-ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ tó ti ń dín kù tó tún wá pọ̀ sí i, òórùn burúkú, ibà, ìrora ìsàlẹ̀ ikùn: èyíkéyìí nínú wọn, kó padà sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, ì báà jẹ́ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ.

Kí wọ́n tó dá a sílẹ̀, kó béèrè pé kí wọ́n kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sínú kàdì rẹ̀: bí ẹ̀jẹ̀ tó dà ṣe pọ̀ tó, ohun tó fà á, ohun tí wọ́n fi dá a dúró, ìgò ẹ̀jẹ̀ mélòó ni wọ́n fà sí i. Bó bá tún lóyún, kàdì náà ni kó kọ́kọ́ gbé fún nọ́ọ̀sì. Ẹni tó ti ní ìsun ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lè tún ní in, kò sì yẹ kó dúró kí ìrọbí bá a lábúlé. Bó bá ku bí ọ̀sẹ̀ méjì, kó lọ máa gbé lọ́dọ̀ ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, nítòsí ibi tí yàrá iṣẹ́ abẹ àti ẹ̀jẹ̀ wà.